Níbo Ni Ẹ̀gbin Sọ́káwéè Ń Gbà Lọ? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Omi ní Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ògùn

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu àṣẹ kan pé kí yíyàgbẹ́ sí gbangba dópin ní Nàìjíríà nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2025. Ìpolongo tó bá àṣẹ náà rìn yéni yékéyéké: kí gbogbo ilé ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí tọmọdé tàgbà sì máa lò ó. Ìpolongo tó dára ni. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kì í sábà tẹ̀lé e, òun sì ni àgbéyẹ̀wò yìí dá lé. Nígbà tí onílé bá ti kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tán, tí wọ́n yàgbẹ́ sí i, tí wọ́n fi omi ṣàn án, níbo ni ẹ̀gbin náà ń gbà lọ? Ní Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn yòókù, níbi tí kò ti sí páìpù ìjọba tó ń gba ẹ̀gbin láti ilé dé ilé, abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni ìdáhùn wà. Àwọn àgbà ní bí a bá gbálẹ̀ gbálẹ̀, ààtàn là á kó o lọ. Ẹ̀gbin inú sọ́káwéè ni a gbá jọ tí a kò ṣe ààtàn sílẹ̀ dè, ohun tí kò bá sì ní ààtàn, ojú omi ni yóò forí lé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá onílé jà, kí a sì tó máa ra oríṣi tánńkì tuntun, iṣẹ́ méjì ló yẹ kó ṣáájú: kí ìlú ní ibi tí òfin fọwọ́ sí tí ọkọ̀ lè da ẹ̀gbin sí, kí wọ́n sì máa fa sọ́káwéè lásìkò.

Kí a kọ́kọ́ mọ bí nǹkan náà ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sọ́káwéè lápapọ̀ jẹ́ nǹkan méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èkíní ni tánńkì, àpótí kọnkéré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jò, tí ògiri kékeré kan sì sábà máa ń pín sí méjì. Inú rẹ̀ ni ohun tó wúwo ti ń silẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ọ̀rá àti ohun fífúyẹ́ á léfòó. Omi tó wà láàárín méjèèjì á gba páìpù kọjá sínú nǹkan kejì, ìyẹn kòtò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè fa omi náà mu. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú tánńkì ń jẹ díẹ̀ lára gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹ́ tán. Omi tó ń jáde sínú kòtò kò sì tíì mọ́, ó ṣì kún fún kòkòrò àrùn. Iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tó wà láàárín ìsàlẹ̀ kòtò àti omi abẹ́ ilẹ̀ ni a gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò sẹ́ ẹ. Ohun mẹ́ta ni gbogbo ètò náà dúró lé: kí tánńkì má jò, kí iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ kòtò nípọn tó, kí wọ́n sì kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò kó tó pọ̀ jù. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn méjì tó kù kò lè gbà á sílẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó sábà máa ń ka nǹkan bíi lítà 40 gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ́dún sí ènìyàn kan lọ́rùn. Ilé tí ènìyàn mẹ́wàá ń gbé yóò kó lítà 400 jọ lọ́dún. Bí tánńkì wọn bá gba lítà 4,500, tí a sì gbà pé kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ọdún mẹ́rin kò ní pé tí ó fi yẹ kí ọkọ̀ wá fà á. Bí ènìyàn ogún bá ń gbé ibẹ̀, bó ṣe máa ń rí ní ilé oníyàrá púpọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yá, ọdún méjì kò ní pé. Ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ kí onílé fi yangàn pé láti ogún ọdún tí òun ti kọ́lé, sọ́káwéè òun kò kún rí. Ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun ìyangàn. Tánńkì tó pé ogún ọdún tí kò kún, jíjò ló ń jò, tàbí kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti gba inú rẹ̀ débi pé gbogbo ohun tó ń wọlé ń gba orí rẹ̀ kọjá tààrà sínú kòtò. Tánńkì tí bíríkìlà kò fi kọnkéré sí nísàlẹ̀ máa ń tẹ́ onílé lọ́rùn, nítorí kì í kó o sí ìnáwó. Owó tí onílé kò san náà, aládùúgbò tó ń fa omi kàǹga ló ń bá a san án nílé ìwòsàn.

Ilẹ̀ Ìsẹ́yìn kì í sì í forí ji irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀. Orí àpáta àtijọ́ ni gbogbo Òkè-Ògùn jókòó lé, irú èyí tó yọrí síta ní Àdó-Àwáyè àti ní àyíká Ṣakí. Iyẹ̀pẹ̀ tó wá láti ara àpáta tó ti jẹrà ló bo orí rẹ̀. Níbì kan ó nípọn, níbòmíràn kò pẹ́ tí ọkọ́ fi ń kan òkúta. Inú iyẹ̀pẹ̀ yìí ni kàǹga tí a fọwọ́ gbẹ́ ti ń rí omi. Inú pàlàpálá àpáta tó wà nísàlẹ̀ ni kàǹga ẹ̀rọ, tí gbogbo ayé ń pè ní bọ́hóòlù, ti ń rí tirẹ̀. Níbi tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti pọ̀, ó lè sẹ́ omi ẹ̀gbin dáadáa. Níbi tí ìsàlẹ̀ kòtò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpáta, kò sí asẹ́ mọ́. Omi ẹ̀gbin á bọ́ sínú pàlàpálá, a ò sì lè fojú wo ibi tí yóò gbà jáde. Àsìkò tún dá kún un. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń gòkè, á sún mọ́ ìsàlẹ̀ sọ́káwéè, nígbà mìíràn á tilẹ̀ wọ inú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á sá wọ ìsàlẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn á tún kàǹga wọn gbẹ́ kó lè jìn sí i, odò kéékèèké á fà tán tàbí kí wọ́n di ọ̀gọ̀dọ̀, ìwọ̀nba omi tó kù kò sì ní pọ̀ tó láti la ẹ̀gbin tó bá bọ́ sí i. Lójò, ẹ̀gbin sún mọ́ omi. Lẹ́ẹ̀rùn, omi kéré sí ẹ̀gbin.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú náà ń gbòòrò. Ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn, tó gùn tó kìlómítà 65, ti di ọ̀nà gidi lábẹ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé. Wọ́n ti ṣe ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn náà. Àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ wà níbẹ̀, Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá sì ti ya ọgbà kan síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ire ni gbogbo èyí jẹ́ fún aláṣọ òfì àti fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé ayálégbé bá ti ń pọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi náà ń pọ̀ níbẹ̀. Ṣáláńgá àtijọ́ kì í gba omi púpọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í tètè rìn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi máa ń da lítà mélòó kan lé ẹ̀gbin lórí nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá lò ó, omi yìí gan-an ló ń gbé e rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ wo pọ́lọ́ọ̀tì tí a mọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 50 níbùú, 100 lóòró. Onílé gbẹ́ kàǹga síwájú, ó gbẹ́ sọ́káwéè sẹ́yìn, ó ní òun ti ṣe é bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n sọ́káwéè ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè má jìnnà sí kàǹga rẹ̀ ju ìdajì pọ́lọ́ọ̀tì lọ. Mítà 30, tí í ṣe nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100, ni ọ̀pọ̀ ìlànà kárí ayé ń béèrè láàárín ibi ẹ̀gbin àti ibi omi. Kò sí onílé kan tó lè dá pa ìlànà yìí mọ́ lórí pọ́lọ́ọ̀tì tirẹ̀. Àfi kí àdúgbò jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ìhà tí kàǹga yóò wà àti ìhà tí sọ́káwéè yóò wà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kọjá ọ̀rọ̀ abẹ́lé.

Ẹ̀rí pé ẹ̀gbin abẹ́ ilẹ̀ ń pa ènìyàn ti pẹ́. Ní ọdún 1854, onígbáméjì pa ènìyàn tó lé ní 600 ní àdúgbò Soho nílùú London láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dókítà John Snow tọpa ikú náà dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìtàn náà dé nìyẹn. Èyí tó kàn wá jù ni ohun tí wọ́n rí lọ́dún tó tẹ̀lé e. Àlùfáà àdúgbò náà, Henry Whitehead, ṣàwárí pé ọmọ ọwọ́ kan ti ṣàìsàn nínú ilé tó wà nítòsí ẹ̀rọ náà gan-an kí àjàkálẹ̀ tó bẹ́, ìyá rẹ̀ sì ti da omi tó fi fọ aṣọ ìdọ̀tí ọmọ náà sínú kòtò ẹ̀gbin ilé. Nígbà tí wọ́n hú ilẹ̀ wò, bíríkì kòtò náà ti jẹrà, kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láàárín rẹ̀ àti kàǹga. Omi kàǹga yìí ni àwọn ará àdúgbò gbà pé ó dára jù, àwọn kan tilẹ̀ ń wá pọn ọ́n láti ibòmíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní London nígbà náà kò jìnnà sí tiwa: ní ọdún 2021, àwọn tí wọ́n fura sí pé onígbáméjì mú ní Nàìjíríà lé ní 111,000, àwọn tó kú sì lé ní 3,600. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà, bíi ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ pé kò gbọ́dọ̀ sí ẹyọ kòkòrò E. coli kan, tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kan omi, nínú mìlílítà 100. Ohun kejì tó ń jáde látinú sọ́káwéè ni nitrate. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, sísè kì í sì í mú un kúrò. Bó bá kọjá miligíráàmù 50 nínú lítà kan, ó lè dí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ láti gbé atẹ́gùn.

Àwọn kan á sọ pé ilẹ̀ ní agbára tirẹ̀, pé ó ti ń sẹ́ omi kí wọ́n tó bí baba wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àkókò ni ilẹ̀ fi ń ṣe é. Kòkòrò àrùn kì í wà láàyè títí láé lábẹ́ ilẹ̀. Bí omi bá pẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n á kú. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ ti Bìrìtìkó, British Geological Survey, gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2001 fún irú ìlú bíi tiwa. Ó ní kí a wo iye ọjọ́ tí omi yóò fi rìn láti ibi ẹ̀gbin dé ibi omi: bó bá tó ọjọ́ 25, ewu ti dínkù, bó bá tó ọjọ́ 50, ewu ti kéré gan-an. Nínú iyẹ̀pẹ̀ tó dára, mítà díẹ̀ lè tó fún iye ọjọ́ yẹn. Nínú pàlàpálá àpáta, omi lè rìn jìnnà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn mìíràn á ní bọ́hóòlù làwọn ń lò, pé ó jìn kọjá ibi tí ẹ̀gbin lè dé. Jíjìn nìkan kò tó. Bí awalẹ̀ kò bá fi sìmẹ́ńtì dí àyíká páìpù láti òkè, omi ẹ̀gbin á gba ẹ̀gbẹ́ páìpù náà sọ̀kalẹ̀. Àpáta tó sì ń fún bọ́hóòlù lómi, pàlàpálá rẹ̀ ni omi ń gbà wọlé, pàlàpálá kì í sì í yan omi tí yóò gbà. Bọ́hóòlù tí wọ́n ṣe dáadáa dára ju kàǹga tó ṣí sílẹ̀ lọ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba sọ́káwéè tó ń jò lọ́wọ́ ìdálẹ́bi.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ rí ná, nítorí ẹni tó ń yàgbẹ́ sínú igbó ń ba omi jẹ́ ju ẹni tó ní sọ́káwéè lọ. Àyẹ̀wò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2021 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 48 ọmọ Nàìjíríà ló ṣì ń yàgbẹ́ sí gbangba, mi ò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kí ìyẹn dópin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì yìí kò tako ara wọn. Ìgbẹ́ inú igbó máa ń fọ́nká, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á gbẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí òjò tó gbá ìyókù wọ odò. Tánńkì ń kó ti odindi ilé jọ sójú kan, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, sún mọ́ omi. Bí a bá sọ pé kí ilé ẹgbẹ̀rún gbẹ́ sọ́káwéè, tí a kò sọ bí wọn yóò ṣe máa fà á, a ti sún ewu síwájú fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni. Àwọn mìíràn á na ìka sí màlúù tó ń wọ odò. Ẹjọ́ wọn ní òótọ́ nínú. Ní ìlú Walkerton ní Kánádà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá gbá ìgbẹ́ màlúù wọ kàǹga kan tó ń fún ìlú lómi. Ènìyàn méje kú, àwọn tó lé ní 2,000 sì ṣàìsàn. Àmọ́ ohun tí Walkerton kọ́ wa ni pé òjò ńlá, ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí àpáta tó là, àti kàǹga tí kò jìn, bí wọ́n bá ti pàdé, ẹ̀gbin yòówù kó jẹ́ yóò wọlé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Òkè-Ògùn. Ẹni tó ń bá darandaran wí lórí odò kò sì lè fi sọ́káwéè tirẹ̀ sílẹ̀ kó máa jò.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí sí Ìsẹ́yìn. Ibi gíga tó wà lẹ́bàá Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Ó la Òkè-Ògùn kọjá, odò Òfìkì àti ọ̀pọ̀ ìṣàn kéékèèké ń da tiwọn sí i, ó sì ń ṣàn gba Abẹ́òkúta lọ sínú ọ̀sà Èkó. Lórí rẹ̀, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni dáàmù Ìkéré wà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà ìṣèjọba Shehu Shagari, tí wọ́n sì ṣe kó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà fún omi mímu, iná mọ̀nàmọ́ná àti oko olómi. Nísàlẹ̀ odò náà, omi Ògùn ni Abẹ́òkúta ń mu, òun náà ni Èkó ń fà fún ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti Àdìyàn. Ìlú tó wà lókè odò ni Ìsẹ́yìn jẹ́ sí àwọn wọ̀nyí. Àwọn kan á ní odò tóbi, yóò là á mọ́. Lóṣù kẹsàn-án, ó ṣeé ṣe. Lóṣù kejì, nígbà tí ìṣàn kéékèèké bá ti fà tán, omi ẹ̀gbin lè jẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣàn nínú gọ́tà lọ sódò. Ajílẹ̀ inú ẹ̀gbin náà sì máa ń mú kí ewé àti ewédò gbilẹ̀ lójú omi tó dúró sójú kan, kí ẹja má rí atẹ́gùn mí. Ilé iṣẹ́ omi ìsàlẹ̀ odò lè fọ omi náà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbin bá ṣe pọ̀ tó ni owó kẹ́míkà rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó.

Bí a bá wá gbà pé kí wọ́n máa fa sọ́káwéè, ibo ni ọkọ̀ yóò da á sí? Ìbéèrè yìí ló ti da ọ̀pọ̀ ìlú láàmú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. L'Ékòó, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ fi ń da ẹ̀gbin sínú ọ̀sà ní Ìddó. Ní Àkrà, etíkun tí wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ pè ní Lavender Hill ni ọkọ̀ ti ń tú u sókun títí di ọdún 2016, nígbà tí wọ́n kọ́ ibùdó ìtọ́jú ẹ̀gbin síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Ekpè, lẹ́bàá Kùtọ́nú, ti ń gba ti àwọn ọkọ̀ ìlú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbin tó ń dé ibẹ̀ ti ju agbára rẹ̀ lọ. Ìlú Dakar ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tó dára jù. Àjọ ìjọba ibẹ̀, ONAS, ní ibùdó ìtọ́jú ẹ̀gbin láwọn ẹ̀gbẹ́ ìlú, wọ́n sì tún dá ilé ìpè kan sílẹ̀ tí onílé lè tẹ̀ láago, kí àwọn onímọ́tò sì máa fi fóònù díje lórí iye tí wọn yóò gbà. Ìdíje yìí dín owó kù, ọkọ̀ sì mọ ibi tí yóò já ẹrù rẹ̀ sí. Àwọn ìlú wọ̀nyí ń sọ nǹkan kan náà: bí awakọ̀ kò bá ní ibi tí òfin fọwọ́ sí láìjìnnà, odò tàbí igbó tó sún mọ́ ọn jù ni yóò jẹ́ ààtàn rẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá tó lè ṣọ́ gbogbo igbó.

Ìsẹ́yìn tilẹ̀ ní àǹfààní kan tí Èkó kò ní: ilẹ̀ àti oòrùn. Ibùdó tó bá ìlú bẹ́ẹ̀ mu kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ó lè jẹ́ àwọn àgbàlá onísìmẹ́ńtì tí wọ́n tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sí, tí wọ́n á da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lé. Omi rẹ̀ á sẹ́ sísàlẹ̀ lọ sínú adágún tí a ṣe fún un, oòrùn àti ọyẹ́ á sì gbẹ ìyókù. Ohun gbígbẹ náà lè di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, àwọn tó ń fi iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo bọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò yẹ kí a kánjú níbẹ̀: ẹyin aràn lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìdí nìyí tí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ju ọdún kan lọ ní ilẹ̀ olóoru kí ó tó kan oko. Ibi tí wọn yóò kọ́ ọ sí ni yóò fa àríyànjiyàn, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Kí ìjọba yan ibẹ̀ nísinsìnyí, nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ìlú, kó jìnnà sí odò àti sí ọ̀nà tí ilé ń gbà fẹ̀.

Owó ni àtakò tó kẹ́yìn. Báwo ni opó tàbí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ṣe fẹ́ rí owó ọkọ̀? Ìtàn méjì lè ràn wá lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè Ireland ní tánńkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù. Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ Yúróòpù dá wọn lẹ́bi ní 2009, wọ́n ṣe òfin ní 2012 pé kí gbogbo onílé lọ forúkọ tánńkì wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì san 50 yúrò. Ariwo ńlá sọ ní ìgbèríko. Ìjọba dín owó náà kù sí yúrò márùn-ún fún ẹni tó bá tètè wá, wọ́n sì ṣètò owó ìrànwọ́. Síbẹ̀, láti ìgbà tí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tánńkì tí wọ́n ń yẹ̀ wò ló ń kùnà. Bí ìlú olówó bá rí báyìí, ìyà àti owó ìtanràn nìkan kò lè tún tiwa ṣe. Ìtàn kejì ti Wai wá, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní Íńdíà. Láti 2018, wọn kì í dúró de onílé kó pè mọ́. Ọkọ̀ ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, kí tánńkì kọ̀ọ̀kan lè kàn lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta, owó rẹ̀ sì wà nínú owó orí ìmọ́tótó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san díẹ̀díẹ̀. Owó tó ga fún ẹnì kan lọ́jọ́ kan di owó kékeré nígbà tí wọ́n pín in sí ọdún mẹ́ta, onímọ́tò sì lè gba iye tó kéré nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í dá. Èsúsú kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀nà tó bá ìwà wa mu nìyí.

Òfin tí a nílò ti wà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, kíkó ẹ̀gbin àti kíkó pàǹtírí sábẹ́ ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2011 lórí omi orí ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àjọ NESREA. Wolé-wolé ló kù. Àwọn àgbà rántí ìgbà tí wolé-wolé ń wo ìdí àmù àti ẹ̀yìn ilé, tí ẹnu rẹ̀ sì ń ká a. Ìmọ́tótó àyíká tí ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn gbé dìde láàárín 1984 sí 1985 kọ́ wa láti gbá gọ́tà àti láti sun pàǹtírí, ohun tí ojú ń rí. Kò kọ́ wa láti ṣí ìdérí tánńkì. Kí wolé-wolé padà sẹ́nu iṣẹ́, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó ti rọrùn jù láti tún nǹkan ṣe, ìyẹn kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì. Tánńkì tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, owó díẹ̀ ni yóò fi ní ìsàlẹ̀ tí kò jò. Èyí tí wọ́n ti bò, híhú ni.

Bí mo bá ní láti to iṣẹ́ náà fún ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, báyìí ni ì bá rí. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ilẹ̀ fún ibùdó ìtọ́jú ẹ̀gbin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kéré níbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì gba ìjọba ìbílẹ̀ tó múlé gbè wọ́n láyè láti bá wọn lò ó. Kí wọ́n forúkọ àwọn onímọ́tò tó ń fa sọ́káwéè sílẹ̀, kí wọ́n fún wọn ní ìwé tí wọn yóò gba òǹtẹ̀ sí ní ibùdó náà. Kí wọ́n ka tánńkì àdúgbò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilé akẹ́kọ̀ọ́, ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti ọjà, níbi tí ènìyàn ti pọ̀ lórí tánńkì kan. Lẹ́yìn èyí ni kí owó ìtanràn wá, nígbà tí ẹni tí yóò san án kò ní lè sọ pé kò sí ibi tí òun lè da á sí. Ní ti onílé, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi tánńkì sílẹ̀ láìní ìsàlẹ̀. Ẹ bi aládùúgbò yín léèrè ibi tí kàǹga rẹ̀ wà kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọdún tí ẹ fà á kẹ́yìn sára ìdérí. Ẹ má sì da kẹ́míkà sí i ní ìrètí pé yóò gbé e lọ, nítorí ó ń pa kòkòrò tó ń bá yín jẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ni. Ẹ má ṣe ṣí i sí gọ́tà nígbà òjò. Omi tí ẹ rò pé ó ti gbé e lọ ṣì ní ẹni tí yóò mu ún.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Ẹni tó bá ń tọrọ ìbò yín ní Òkè-Ògùn, tó ṣèlérí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọjà àti ilé ìwé, ẹ kí i, kí ẹ sì bi í léèrè ibi tí ọkọ̀ yóò da á sí. Bí kò bá ní ìdáhùn, iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀.